Ilé Kan Gbà, Ilé Kejì Kọ̀

"Ilé kan gbà, ilé kejì kọ̀."

Ìyá Ìbejì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti àárọ̀ ló ti dúró síbẹ̀, tó ń mí sí i lọ́rùn.

"Ilé ta ló kọ̀?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n yín ni, sà."

Ọ̀gá Oníná pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀! Bí onílé bá ṣe rí ni ilé rẹ̀ ń rí. Ẹ wo tèmi, bó ṣe yára gbà á. Ilé ọmọlúàbí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó sọ."

"Kí lẹ fẹ́ kà? Alágídí kì í sọ̀rọ̀ gidi."

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n wà, nínú yàrá tóóró kan tó wà lẹ́yìn káńtà. Màmá tó dá ilé ìfọṣọ náà sílẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ló sì jogún rẹ̀. Kí ẹnì kan má baà gbọ́n ju ẹnì kejì lọ, wọ́n pín in dọ́gbadọ́gba: ẹ̀gbọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ ìfọṣọ, àbúrò kó gbogbo ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ. Ìgbà tí wọ́n pín in tán ni wọ́n tó rántí pé ẹni tó ní omi láìní iná, aṣọ tútù ló ń tà. Ẹni tó sì ní iná láìní omi, ìdọ̀tí gbígbẹ ni yóò máa tà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí i, ojú sì ń ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà gbọọrọ kan sí àárín ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ apá omi a gbé agbọ̀n aṣọ tútù dé ìdí ìlà, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ti apá iná a na ọwọ́ gbé e láti apá tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ẹ̀gbọ́n ní Ọ̀gá Olómi, tí wọ́n sọ àbúrò ní Ọ̀gá Oníná. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò rí pín ni ètò kọ̀ǹpútà tí Ìyá Ìbejì ń kọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló gbà á síṣẹ́ kó tó kú. Ètò náà ló ń mọ aṣọ ta ló wọlé, ìgbà tó bá sì ṣetán, òun ni yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù aláṣọ. Ìyá Ìbejì ti ṣàlàyé títí pé bí a bá gé e sí méjì, kú ni yóò kú. Ẹ̀rù sì ń ba ẹ̀gbọ́n pé àbúrò lè ti òun mọ́ta, ẹ̀rù kan náà ló ń ba àbúrò. Ó wá wá ibi ìpamọ́ méjì, tí òun ń pè ní ilé, fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwọn onílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ó tún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ṣe débi pé bó bá ti parí iṣẹ́, tó tì í lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ náà á lọ sí ilé méjèèjì. Púṣì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Kò ṣòro fún un láti rò. Ó bí ìbejì. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí a bá fún èyí, kí a má dúró mí kí a tó fún ìyẹn.

Síbẹ̀ wọ́n jà. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ilé kan máa ń gba iṣẹ́ náà ṣáájú èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ̀gbọ́n ní òun ni àgbà, àbúrò ní ọwọ́ òun ni Màmá kú sí. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n máa pín in ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló mú wọn búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ inú ilé méjèèjì àfi òun. Ọ̀gá Olómi gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó tóbi jù, ó búra láì kánjú. Ọ̀gá Oníná gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gbóná, ìbúra rẹ̀ sì kúrú.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yìí yé Ìyá Ìbejì dáadáa. Ilé Ọ̀gá Olómi ń sọ pé: ohun kan wà níbí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, kọ́kọ́ wá mú un ná. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ì bá lọ wò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti búra. Ó ronú pé ìdọ̀tí ọwọ́ òun fúnra òun ni, láti ọjọ́ tí òun ń dán ilé náà wò. Ọjọ́ Jímọ̀ sì nìyí; ní ọjọ́ Ajé ni ètò náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà.

"Ṣé ẹ ò lè fi ipá wọlé ni?" Ọ̀gá Oníná bi í.

"Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá wà nínú ilé á pa rẹ́, tèmi á rọ́pò rẹ̀."

"Kí ló lè wà nínú ilé ẹni tí kì í tan kọ̀ǹpútà?"

Ìyá Ìbejì kọ àṣẹ náà, ó fi ipá sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ilé náà gbà lójú ẹsẹ̀. Kò jiyàn, kò béèrè ohunkóhun, bí ẹni tí wọ́n ti gbá létí. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Oníná ti ń jó jáde.

*

Ọ̀gá Olómi ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé ní ọ̀sán. Ènìyàn gíga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà lápá tirẹ̀, ó sì ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ omi wò bóyá ó gbóná. Nígbà tó yá, ó pè.

"Ìyá Ìbejì, wá bá mi wo nǹkan yìí. Ó dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mi ń ṣàìsàn."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"Mi ò rí nǹkan mi."

"Nǹkan wo?"

"Nǹkan tí mo kọ."

Ìyá Ìbejì súnmọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Ẹ kọ nǹkan síbẹ̀?"

Ọ̀gá Olómi ń nu awò ojú rẹ̀. "Díẹ̀."

"Ẹ búra, sà. Ẹ ní ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

"Mi ò fi ọwọ́ kàn án. Ìka kan ni mo lò."

Ó wá sọ ọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ìyá Ìbejì kọ fún àwọn oníbàárà ló kà lọ́jọ́ kan: *Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, aṣọ yín ti ṣetán.* Kò rí oorun sùn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" ó bi í. "Oníbàárà ọ̀wọ́n! Màmá ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀wọ́n rí. Ẹni tó bá gbàgbé aṣọ, Màmá á bú u, ẹni náà á sì tún padà wá. Mo wo bí o ṣe ń ṣe é, mo bá wọ inú ilé mi, mo ń kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó fi nǹkan sínú àpò. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń jiyàn lórí àbàwọ́n. Gbogbo èyí tí mo rántí."

"Ṣé ẹ kọ ọ́ síbòmíràn, sà?"

"Fún kí ni? O ní kò lè sọnù níbẹ̀. O ní ilé ni."

"Mo ń bọ̀, sà," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ni ibi ìpamọ́ náà pé kí wọ́n dákun bá òun wá ohun tó pa rẹ́. Ìdáhùn dé kíákíá pé wọ́n ti rí ìwé rẹ̀ gbà, wọ́n á sì dá a lóhùn. Ìyẹn ni gbogbo ìdáhùn náà. Ó bá lọ bá Màmá Alọṣọ.

Màmá Alọṣọ ló dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́. Orí ìlà funfun gan-an ni tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n ní kó sún, ó ní ibi tí iná mànàmáná ti ń jáde lára ògiri ni òun wà, bí wọ́n bá sún ògiri, òun náà á sún. Wọ́n fa ìlà dé ìdí tábìlì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì.

"Màmá, mo ti dáràn."

"Aṣọ ta lo jó?"

"Kì í ṣe aṣọ, mà."

"Bí kì í bá ṣe aṣọ, ara lè balẹ̀."

Ó rojọ́ tán. Màmá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá wọn lo pa rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Yéè!" Ó mi orí fún ìgbà díẹ̀. "Ó kù sí ọ lọ́wọ́. O lè sọ pé kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́. Àwọn ọkùnrin yìí á gbà ọ́ gbọ́, wọn ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń jẹ."

"Mo ti rò ó, mà."

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jó aṣọ níbí, mo ká a, mo fi ojú ihò sínú. Ìyá wọn tú u níwájú aláṣọ. Ó ní, 'Kíká ò dí ihò, ó kàn ń gbé e pa mọ́ de ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni.'" Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù. "Lọ tú u fúnra rẹ. Kí o sì kó aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ kúrò lórí ìkọ́ mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ilé ìfọṣọ."

"Lọ́la, mà."

"Lọ́la rẹ ti pọ̀ jù."

*

Ó sọ ọ́ fún Ọ̀gá Olómi lórí ìdúró, láì bu iyọ̀ sí i.

"Kọ̀ǹpútà yín ò ṣàìsàn, sà. Èmi ni mo pa á rẹ́. Ilé yín kìlọ̀ fún mi pé nǹkan wà nínú òun. Mi ò wò ó. Mo fi ipá wọlé."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ń yí lẹ́yìn Ọ̀gá Olómi, àwọn aṣọ inú rẹ̀ ń gòkè, wọ́n ń já.

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Lódìkejì ìlà, Ọ̀gá Oníná ń ka ìkọ́ aṣọ. Ó ka ọ̀kan, ó tún un kà. Ìyá Ìbejì kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, sà."

"Ó dára." Ọ̀gá Olómi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ní ọjọ́ Ajé, màá kó ẹ̀rọ mi kúrò níbí. Kí ẹni tó ní iná máa fi iná rẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbẹ. Ìwọ náà, kó kọ̀ǹpútà rẹ. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ilé tí mo bá sùn sí, mo fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì."

Ìyá Ìbejì ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó máa ń béèrè ohun gbogbo lẹ́ẹ̀méjì, ó sì ronú kan Màmá tó gbà á síṣẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn kò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà parẹ́ sí.

Ọ̀gá Oníná wúkọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó tún wúkọ́.

"Màmá Alọṣọ," ó wí, "ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà lápá ọ̀hún pé nǹkan náà lè má sọnù."

Màmá Alọṣọ kò gbójú sókè. "Wọ́n ní ó lè má sọnù."

"Ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀."

"Wọ́n ní báwo lẹ ṣe mọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé mo rí i."

"Wọ́n ní àwọn rí i."

"Ẹ bi í pé níbo ló ti rí ohun tó wà nínú ilé mi!"

"Háà!" Màmá Alọṣọ sọ áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ṣé fóònù ni mí ni? Aṣọ fẹ́ jó mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá kan ló bí yín, ẹnu tó fún yín kì í ṣe ìdajì ìdajì. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Oníná yọ fóònù láti inú àpò. Ó nà án kọjá ìlà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá.

"Mo máa ń yọjú sínú ilé yín," ó wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ní alẹ́ alẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń dá lára. Mo rò pé ẹ ń pète bí ẹ ṣe máa lé mi jáde. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó o, mo bá ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ yìí, ojú tì mí láti sọ pé mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

"Ta ló fún ọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Dúdúyẹmí. Orúkọ tí Màmá ń pè yín."

Àwọn òṣìṣẹ́ apá omi yí ojú sí ògiri. Ejìká wọn ń mì.

"Olè ni ọ́," ni Ọ̀gá Olómi wí.

"Ṣé ẹ̀yin ò mọ tèmi ni?"

Ọ̀gá Olómi tún awò ojú rẹ̀ gbé wọ̀. "Kí ni mo fẹ́ fi Aláròyé ṣe?"

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ! Òun náà mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ gbé fóònù náà wá, sà," ni Ìyá Ìbejì wí. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ jáde, ó jókòó sí apá iná.

*

Fọ́tò náà burú. Àwọn kan ti ṣókùnkùn, àwọn kan tàn yanran, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni iwájú orí Ọ̀gá Oníná ti hàn lójú kọ̀ǹpútà bí òṣùpá. Nínú gbogbo wọn ni àtàǹpàkò rẹ̀ wà. Ó ti bo igun kan nínú èyí, ó ti bo òmíràn nínú ìyẹn.

"Ṣé o ò lè di fóònù mú bí ènìyàn ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí nígbà náà. Olè kì í fara balẹ̀ ya fọ́tò."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Oníná ń fẹ fọ́tò lójú, Ọ̀gá Olómi ń kà á, Ìyá Ìbejì ń tẹ̀ ẹ́. Níbi tí àtàǹpàkò bá bo ọ̀rọ̀, Ọ̀gá Olómi á rántí rẹ̀.

"Èyí ni ti ẹni tó bá fi nǹkan sínú àpò," ó wí. "*A bá kọ́kọ́rọ́ rẹ nínú àpò ṣòkòtò. A ti bá ọ fọ̀ ọ́, ó mọ́ ju ṣòkòtò lọ. Tètè wá mú un, àfi bí o bá fẹ́ sùn síta.*"

Màmá Alọṣọ rẹ́rìn-ín kan láti orí tábìlì rẹ̀.

"*Àbàwọ́n yìí ti dàgbà ju ìwọ alára lọ. A kí i, kò dáhùn. Gbé aṣọ rẹ lọ bẹ́ẹ̀, kí o sì máa fi ọwọ́ bò ó.*"

"Ọkùnrin onífìlà yẹn ló sọ ọ́ fún!" Ọ̀gá Oníná pariwo. "Ọjọ́ tó ní a ti ba kóòtù òun jẹ́! Mo wà níbẹ̀!"

"Dákẹ́, jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ó fi ku fọ́tò kan. Ti ẹni tó bá gbàgbé aṣọ rẹ̀ pátápátá ni. Ọ̀gá Olómi kà á: "*Aṣọ kì í gbàgbé aláṣọ, aláṣọ ló ń gbàgbé aṣọ…*" Ó dúró. Àtàǹpàkò ńlá kan ló bo ìyókù.

"Ẹ máa wí, sà," ni Ìyá Ìbejì sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Ọ̀gá Oníná wí. "Àtàǹpàkò mi ni. Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Mi ò kọ ọ́."

"Kí ló wá wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi?"

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ." Ọ̀gá Olómi ń wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ibẹ̀ ni mo dé. Mo mọ̀ pé ó kù. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti ìbàdí síwájú bó bá ti ń sọ ọ́, àwọn ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lórí mi. Kò sì sí ẹni tí mo lè bi."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí dúró.

Ọ̀gá Oníná gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó tì í síwájú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀.

"*Bó bá wá di ọ̀la tí o kò kó o, èmi fúnra mi ni màá wọ̀ ọ́ jáde. A jọ máa pàdé lóde. Màá sì kí ọ.*"

Ọ̀gá Olómi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́, ó ń rọ̀ lórí okùn rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "*Màá sì kí ọ*," ó tún un wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ parí. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó ti ohunkóhun, ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé kìíní, ó béèrè lọ́wọ́ ilé kejì, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ òun. Kò sí.

"Ilé ta ni kó kọ́kọ́ lọ?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n mi."

"Rárá o. Tirẹ̀ ni kó ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nìyí."

"Mo ní kó jẹ́ tiyín!"

"Ṣé o fẹ́ bá mi jà ni?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ni Màmá Alọṣọ wí. "Ọ̀gá Olómi, ẹ rọra o. Ẹ wà nílẹ̀ àjèjì."

Ọ̀gá Olómi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí òun kọjá, kò sì padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀gá Oníná wí, "ṣé kí a kúkú pa ilé kan rẹ́, kí a jọ máa lo ẹyọ kan? Kí a yéé da Ìyá Ìbejì láàmú?"

Ọ̀gá Olómi rò ó.

"Rárá. Jẹ́ kó wà ní méjì. Màmá, ẹyọ kan ni. A rí bó ṣe rí."

Ìyá Ìbejì tì í. Ilé kìíní gbà. Ilé kejì gbà.

"Dán an wò," ni Ọ̀gá Olómi wí. "Fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ti gbàgbé aṣọ rẹ̀. Má yan ẹnikẹ́ni, jẹ́ kó yan ẹni tó bá pẹ́ jù."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn dúró. Fóònù kan dún nínú báàgì tó wà lábẹ́ àga rẹ̀.

Ìyá Ìbejì mú un jáde. Ó rí i pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára òun, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi pé *màá sì kí ọ*, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń gbọ́ ọ bí ọmọ tí wọ́n ń pè láti inú yàrá kejì.

"Mo ti ń bọ̀, mà," ni Ìyá Ìbejì wí. Kì í ṣe Màmá Alọṣọ ló ń dá lóhùn. Ó dìde, ó sì lọ sí ibi ìkọ́ tí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà.